Kọ̀ǹpútà Tó Ní Òun Kò Ní Bátìrì

Òórùn gààrí yíyan ló máa ń dá ọ̀rọ̀ yìí padà sí mi lọ́kàn. Bí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, á dà bí ẹni pé mo tún jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kọ̀ǹpútà àgbéletan lórí itan mi, tí mo ń ṣe bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà ni. Nínú gbogbo ìdílé wa, ẹ̀gbọ́n mi yìí nìkan ló kù tó mọ oríkì ilé wa láti orí baba ńlá tó tẹ agboolé wa dó ní Èjìgbò. Ó ti dàgbà gan-an, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ó kọ̀ kí n gba ohùn òun sínú fóònù. Ó ní òun kò fẹ́ kí ohùn òun máa sọ̀rọ̀ láyé nígbà tí òun bá ti lọ. Ṣùgbọ́n ó gbà pé kí n kọ ọ́. Mo sì ṣe ìlérí pé n óò kọ ọ́ pé, kò ní ku orúkọ kan.

Ọmọbìnrin mi ló ra kọ̀ǹpútà náà fún mi ní Àbíjáǹ. Èmi fúnra mi ni mo yọ ètò tó ń darí rẹ̀, èyí tó bá a wá, kúrò, tí mo fi èyí tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé jọ ń kọ, tí ẹnikẹ́ni lè tú wò kó sì tún un ṣe. Inú mi dùn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò lọ déédéé: igun ojú rẹ̀ tó yẹ kó máa fi iye iná tó kù hàn, ohun tó ń kọ síbẹ̀ ni pé kò sí bátìrì. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá yọ wáyà lára rẹ̀, á máa ṣiṣẹ́ lọ. Bátìrì wà níkùn rẹ̀, kò kàn mọ̀ pé òun ní i ni.

Ọkùnrin kan wà ní Èjìgbò tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Mùsùlùmí tó kọ́ṣẹ́ ní Àbíjáǹ, tó máa ń fi Faransé bú ẹ̀rọ tó bá ṣagídí. "Bàbá, ẹ gbé e wá kí n wò ó," ó wí fún mi. "Bí kò bá rí bátìrì, kò ní lè kì yín nílọ̀ kó tó kú o." Mo ní kó má ṣèyọnu. Èmi tí mo kàwé ní yunifásítì nígbà tí wọn ò tíì bí i, kí ni n óò máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, mo gun ọ̀kadà lọ, n kò mú ìwé tàbí bírò dání. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada tí àwọn ìyàwó ilé ti ń yan gààrí, ó sì bẹ̀rẹ̀. Nílé tiwa, bí àgbà bá ti gbé oríkì sẹ́nu, ẹnikẹ́ni kì í já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Àlejò tó bá wọlé pàápàá á dúró kó parí kó tó kí i. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá orí baba ńlá wa kẹta ni ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn lójijì.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Àṣà dí mi lẹ́nu, ìtìjú sì ràn án lọ́wọ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ta-ta-ta, lórí ẹ̀rọ tó ti kú, mo sì ń mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò ríran dáadáa gbọ́ ìró náà, inú rẹ̀ dùn, ó sì ń rọra pe àwọn orúkọ kí ọwọ́ mi lè bá a.

Nígbà tó parí, ó ní, "Ó yá, akọ̀wé, kà á fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Kọ̀ǹpútà ti kú látìgbà tí ẹ ti kúrò lórí baba wa kẹta."

"Kí wá ni mo ń gbọ́ tó ń dún?"

"Ìka mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ẹ gbà mí o! Yunifásítì ló ń tẹ òfìfo!" Àwọn tó ń yan gààrí náà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí," ó wí. "Mi ò mọ̀ bóyá yóò tún wá bẹ́ẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé kọ̀ǹpútà tọ ọkùnrin yẹn lọ. Ó tú bátìrì jáde, ó tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó dá bátìrì padà, ó sì gbé ẹ̀dà tuntun ètò náà wọlé. Àmì bátìrì yọ. Mo bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Ó ní ẹnìkan tí òun kò mọ̀ rí, ní ilẹ̀ òkèèrè, ló ní irú ìṣòro yìí, tó sì kọ ojútùú rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. "Èmi náà béèrè ni, bàbá." Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi ni mo máa ń kọ òwe yẹn sójú pátákó fáwọn ọmọ iléèwé.

Mo padà sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹ̀gbọ́n mi tún un kì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn baba ńlá kẹrin, ó dánu dúró. "Orúkọ kan wà níbí," ó wí. Ó wá a, wá a. Kò rí i. Títí ó fi lọ, kò rí i.

Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ títí dòní, ó sì ń fi iye iná tó kù hàn mí láìparọ́. Oríkì ilé wa wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlà kan tí mo fi sílẹ̀ lófìfo láàárín. Bí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń dá ọwọ́ dúró. Ó dá mi lójú pé ó pe orúkọ náà fún mi lọ́jọ́ náà. Ó tilẹ̀ rọra pè é, kí ọwọ́ mi lè bá a.