Ìṣirò Omi Òkè-Afá

Mo rántí ìgbà tí apá ọ̀tún mi máa ń ro mí débi pé n kò lè fi í di irun àbúrò mi. Ẹ̀rọ ìṣirò ló fà á. Kì í ṣe irú èyí tó ń lo iná o. Irin dúdú tó wúwo ni, ó ní ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a ń yí bí ẹni ń lọ ẹ̀wà. Bí a bá yí i síwájú, á ro nọ́ńbà pọ̀. Bí a bá yí i sẹ́yìn, á yọ ọ́ kúrò. Ìdáhùn á sì yọ lójú ihò kékeré kan níwájú rẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn ẹnjiníà kan ní Òṣòdì ni mo ti ṣe iṣẹ́ náà, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Láti ilé wa ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ láràárọ̀, pẹ̀lú ìgbéraga ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá tó sì rò pé kò sí ìṣirò tí òun kò mọ̀.

Àwa méjì la wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹnì kejì mi jẹ́ àgbàlagbà ọkùnrin tó ti ṣe olùkọ́ rí, gbogbo ọ́fíìsì ló ń pè é ní Tíṣà. Òun ló kọ́ mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló ní kí n dá àbá ìdáhùn kí n tó ṣe ìṣirò.

“Àbá kẹ̀? Ṣé a ò mọ ìdáhùn ni, sà?”

“Ìṣirò kan wà tí kò ní ẹnu ọ̀nà, àbúrò. Dá àbá, fi sí i, wo ohun tí yóò jáde. Mú èyí tó jáde yẹn padà síbẹ̀, kó o tún un ṣe. Tó bá di pé ohun tó o fi sí i àti ohun tó jáde ò yàtọ̀ mọ́, o ti débẹ̀ nìyẹn.”

Lójú mi nígbà náà, irọ́ la fẹ́ máa pa jẹun. Ṣùgbọ́n ní ìgbà kẹfà tí mo tún un ṣe, nọ́ńbà náà jókòó, kò mì mọ́. Àwọn àgbà ní àbá ní í di òótọ́. Tíṣà tún fi yé mi pé bí mo bá ṣìṣe láàárín ọ̀nà pàápàá, àtúnṣe tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò wò ó sàn.

Òfin ọ́fíìsì ni pé kí oníkálukú dá ṣe tirẹ̀, kí a má wo ìwé ara wa. Bí ìdáhùn wa bá bá ara mu, ọ̀gá ẹnjiníà á fọwọ́ sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ojú Tíṣà ti ń ṣe bàìbàì. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rọ kó tó rí nọ́ńbà, mẹ́ta àti mẹ́jọ ò sì yàtọ̀ lójú rẹ̀ mọ́. Ọmọ mẹ́fà ló ń bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti inú ìwé tèmi. Kò sọ pé kí n ṣe é, kò sì sọ pé kí n má ṣe é. Oore ni mo pè é.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ ṣe afárá sórí odò Òkè-Afá, lójú ọ̀nà tó ti Ìsọlọ̀ lọ sí Èjìgbò. Wọ́n ní kí a ṣírò ibi tí omi yóò ga dé bí òjò bá pọ̀. A ṣe é, ìdáhùn wa bára mu, ọ̀gá fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òkè-Afá. Òjò ti rọ̀ díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti fi ọ̀dà pupa sára òpó kan, láti fi ibi tí abẹ́ afárá yóò wà hàn. Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà náà.

“Ṣé ibẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé afárá lé?” ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi mí. “Òjò gidi ò tíì dé o. Omi á gun orí ẹ̀.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ṣí ìwé àwọn tó wọn ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlá ni fífẹ̀ odò. Èmi tí ojú mi mọ́ gaara ti kọ méjìdínlógún, mo sì ti kà á bẹ́ẹ̀ sí Tíṣà létí. Gbogbo àtúnṣe tí a ṣe ló gún régé, àmọ́ odò mìíràn la ṣírò, èyí tó fẹ̀ jù, tí omi rẹ̀ kò sì ní ga tó bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún Tíṣà. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

“Tó o bá wọlé lọ bá ọ̀gá, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ẹ́ ni bí àṣìṣe kan náà ṣe wà nínú ìwé èèyàn méjì.”

“Kí ni kí n sọ fún un, sà?”

Ó gbé jígí padà sójú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ akẹ́rù kó sìmẹ́ǹtì jáde, ó forí lé Òkè-Afá. Mo kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

Ìbéèrè náà gan-an ló bi mí. Mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó ránṣẹ́ pe Tíṣà, ó na ìwé kan sí i pé kó kà á. Tíṣà kò tilẹ̀ gbà á.

“Ẹ má wulẹ̀ dán mi wò, sà. Òótọ́ ló sọ.”

Wọ́n dá sìmẹ́ǹtì padà, a tún ìṣirò ṣe, wọ́n gbé afárá sókè. Wọ́n bá mi wí gidigidi, àmọ́ wọn kò lé mi. Tíṣà kò dúró kí oṣù parí.

Ìgbà méjì ni mo lọ kí i nílé rẹ̀ ní Èjìgbò, tí ìyàwó rẹ̀ ní kò sí nílé, tí mo sì rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìgbà kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló jáde.

“Afárá yẹn, ṣé ó ti ga tó báyìí?”

“Ó ti ga tó, sà.”

“Ó dáa.” Ó wọlé padà.

Mo ti dàgbà ju iye ọdún Tíṣà ìgbà náà lọ. Mo ti lo kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò ọ̀sẹ̀ kan kí èèyàn tó ṣẹ́jú, mo sì ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn láti máa dá àbá. N kò kábàámọ̀ pé mo kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Ohun tí mo máa ń rò ni pé ní gbogbo oṣù tí mo fi ń kàwé sí ọkùnrin yẹn létí, kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti sọ fún un pé, “Tíṣà, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà.”