Ọwọ́ Òsì Àjíkẹ́

Wúràọlá Àjíkẹ́, ọmọ Ajíbádé, ọmọ Adó tó fi òkè ṣe odi, ọmọ afínjú tó ń gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, torí pé mo jù ú lọ díẹ̀.

Òórùn koríko tútù ló máa ń gbé e wá sí mi lọ́kàn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá fẹ́ ṣeré ráúndà, gbogbo wa la ń mú àdá lọ sílé ìwé láti gé koríko pápá. Ìrì á rin wá dé orúnkún.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ráúndà. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí àwọn òpó ká. Òfin rẹ̀ ló le. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gba àárín orúnkún sí orí. Bó bá ròkè tàbí tó rẹlẹ̀ jù, burúkú ni. Burúkú méjì tó tẹ̀léra sì ń fún ẹni tó ń gbá a ní ìdajì pọ́ńtì. Ṣùgbọ́n bó bá dáa, dandan ni kí onítọ̀hún sáré, ì báà gbá a, ì báà má gbá a. Ibẹ̀ ló ń rú ọ̀pọ̀ lójú.

Àjíkẹ́ ló ń jù fún wa. Ọlọ́wọ́ òsì ni, bó bá sì fi òsì jù ú, kì í tàsé. Àmọ́ ìyá rẹ̀, tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, ti fi pàṣán kọ́ ọ pé kó má fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Nítorí náà, bó bá ń jù fún ẹgbẹ́ rẹ̀, òsì ni. Bó bá jẹ́ ẹni tó jù ú lọ, á pààrọ̀ sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù á sì fò kọjá lórí onítọ̀hún. Mísì Adéọlá, tíṣà wa, sọ ọ́ títí: "Àjíkẹ́, o ò fún un ní nǹkan kan. Ṣe lo fẹ́ lé e kúrò." Kò wọ̀ ọ́ létí.

Lọ́jọ́ tí a bá ilé ìwé kejì ṣe àṣekágbá, ìdajì pọ́ńtì la fi ṣíwájú. Ẹnì kan ló kù kó gbá nínú wọn: Fúnmiláyọ̀, àbúrò ìyá Àjíkẹ́, ọmọ ilé ìwé bíi tiwa, tó ń fẹ́ kí gbogbo ayé máa pe òun ní àǹtí. Ìyá Àjíkẹ́ fúnra rẹ̀ ti gbé igbá èlùbọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá pápá, ó ń wò. Èmi ni mo dúró lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ láti mú bọ́ọ̀lù tó bá kọjá.

Àjíkẹ́ tẹ orúnkún díẹ̀ fún un, ó fi ọ̀tún jù ú. Ó ròkè. Burúkú kan.

"Ọmọ dáadáa," ni Fúnmiláyọ̀ wí. "Tún fún àǹtí ẹ ní irú ẹ̀ sí i."

Àjíkẹ́ wo ìyá rẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù sí òsì, ó jù ú. Ó gba àárín gan-an, Fúnmiláyọ̀ ò tilẹ̀ gbé igi. Ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Èmi lo ń fi ọwọ́ òsì jù ú fún? Lójú ìyá ẹ?"

Ibi tó ti ń bínú ni mo ti ju bọ́ọ̀lù sí Ràfátù, tí bàbá rẹ̀ ti Ọ̀fà wá ránṣọ ní àdúgbò Fájuyì, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó dúró ti òpó kìíní. Ó fi kan òpó kí Fúnmiláyọ̀ tó sáré débẹ̀; ó jáde, a sì borí. Mísì, tó ń dájọ́ lọ́jọ́ náà, fọn fèrè.

"Mi ò kúkú gbá a," ni Fúnmiláyọ̀ wí.

"Bọ́ọ̀lù dáadáa ni," ni Mísì dáhùn. "Ó yẹ kó o ti sáré."

Ìyá Àjíkẹ́ gbé igbá rẹ̀ rù. "Ọwọ́ òsì ti ṣuṣẹ́," ló wí. "Tá a bá délé, ọ̀tún ni o."

Ọ̀tún náà ló lò títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi gba apá ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i, ó fi òsì na ife omi sí mi. Ojú tì í. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni."

"Bọ́ọ̀lù dáadáa ni," mo wí.

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Síbẹ̀ omi náà dà sí mi láṣọ, lọ́wọ́ èmi tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù já bọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin ín, lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀.