Kọ̀ǹpútà Màmá Jael Kò Jí

Taoheed ń gbé yàrá kan ní Mushin, ọ̀sẹ̀ sì lè yípo kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Àwọn ará ilé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló fi ṣe aya. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tún kẹ́nẹ́lì ṣe, ìyẹn ètò ìsàlẹ̀ pátápátá tó ń darí gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ìlú òyìnbó ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é wà. Ìméèlì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, kò sì sí èyí tó ń béèrè bóyá ó ti jẹun.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é: Màmá Jael, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ní Súrùlérè, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí ọmọ náà fi ránṣẹ́ ní àrùn kan. Bí wọ́n bá pa á dé, á sùn. Bí wọ́n bá ṣí i, kò ní jí. Ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sínú rẹ̀ ló ń purọ́ fún kẹ́nẹ́lì pé ìdérí ṣì wà ní pípadé. Taoheed á wọ kẹ̀kẹ́ lọ, á tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí kọ̀ǹpútà á fi kú, á tún un tàn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti kọ́ màmá, màmá ní ọwọ́ òun kò mọ̀ ọ́n. Tíṣà tó kọ́ni ní ìṣirò títí orí rẹ̀ fi hewú, títẹ bọ́tìnnì ló wá ṣòro fún. Á gbé ẹ̀wà àti dòdò kalẹ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì tàkúrọ̀sọ.

Nígbà tó yá, Taoheed rí oògùn rẹ̀. Ìlà àṣẹ díẹ̀ tí yóò kọ kún un ni: kí kẹ́nẹ́lì dá irú kọ̀ǹpútà yìí mọ̀ ní orúkọ, kó má sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ nípa ìdérí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ti ń jí, ta ni yóò tún pe òun? Ó gbé e pamọ́, ó sì ń lọ tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Àmọ́ ẹni tó gbé oògùn aláìsàn pamọ́, oúnjẹ aláìsàn náà kò lè dùn lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fi í sínú kọ̀ǹpútà náà, ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti sọ ọ́, ó sì lọ sílé.

Fóònù rẹ̀ dákẹ́. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná ló tán nínú rẹ̀. Ó ń dá jẹ búrẹ́dì, àánú ara rẹ̀ sì ń ṣe é. Ìgbà tó ti sọ ìrètí nù ni màmá pè.

“Taoheed, kí lo ṣe sí laptop mi? Gbogbo ìgbà tí mo bá ti pa á dé, tí mo sì tún ṣí i, ó kàn ń jí ni.”

Ó ní òun ti wò ó sàn ni. Màmá bá fèsì:

“Ó dáa. Irọ́ wo ni mo tún máa fi pè ẹ́ báyìí?”

Taoheed ti ń wá bàtà rẹ̀.