Bérọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Tìtorí Rẹ̀ Lé Mi Jáde Ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, wọ́n lé mi jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí pé mo mutí, bẹ́ẹ̀ omi lásán ni mo mu!

Èmi ni wọ́n ní kí n gbé àgbélébùú síwájú ìjọ lónìí. Mo wá lọ fá irùngbọ̀n mi, ìwọ̀nba tó hù náà, lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ní Ìlútítun. Bàbá náà gbé ìgò lọ́fínńdà méjì tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́yìn fífá kalẹ̀, mo yan èyí tó pọ́n.

"Ọma mi, ojú ẹ là! Bérọ́ọ̀mù nìyẹn, òkè òkun ló ti wá."

Wọ́n dà á sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ta mí bí ata.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sùtánà tán ni Ìyá Ìjọ fa imú fíìn: "Ta ló gbé ògógóró wọ ilé mímọ́? Ìwọ! Bọ́ aṣọ Olúwa sílẹ̀!"

Mo sáré padà lọ bá onígbàjámọ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

"Ṣebí ewé àti ọtí ìrèké ni àwọn ará òkè òkun fi ń ṣe bérọ́ọ̀mù ní erékùṣù tiwọn? Kò sí ọtí ìrèké níbí. Èmi wá rẹ ewé ẹfinrin sínú ògógóró."

"Ta ló ń ta ògógóró fún yín?"

"Ìyá Ìjọ yín ni. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n ti ń sè é."

Háà! Abájọ tí imú wọn fi tètè mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo fẹ́ràn wọn bí ìyá tó bí mi!

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Ṣé kí n dákẹ́ ni, àbí kí n lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé wọn, kí n sín ohùn wọn jẹ: "Ta ló gbé ògógóró wọ ilé mímọ́?"