Òróró Màámi Lára Láptọ́ọ̀pù Yunifásítì

Tí mo bá ti gbóòórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ báyìí, Ifọ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ tààrà. Ṣọ́ọ̀bù màámi wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, ilé onípákó kan tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé, tí òórùn aṣọ tuntun àti ti òróró máa ń kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí àwọn oníbàárà bá ti gba aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, màámi á ti ilẹ̀kùn dé ààbọ̀, á dojú ẹ̀rọ rẹ̀ dé, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìdọ̀tí òwú kúrò nínú rẹ̀, á wá máa kán òróró sí i díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì máa lọ wúyẹ́wúyẹ́. Àdúrà ló ń gbà. Ó ń dúpẹ́ nítorí ẹ̀rọ náà, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ̀ẹ́ kó daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ òfin rẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn òun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ sórí rẹ̀, ẹ̀rọ ò sì gbọdọ̀ sùn láìdaṣọ bora. Ẹ̀rọ yẹn ló rán mi níléèwé, nítorí náà mi ò lè fi òfin rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí yunifásítì kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, nítòsí Mowe, gbà mí síṣẹ́ olùkọ́, mo ti kàwé gboyè kejì, mo sì ti jókòó sílé pẹ́. O mọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, tí àwọn èèyàn á máa bi ìyá ẹni pé ṣé ọmọ yín ò tíì ríṣẹ́ ni. Màámi ti gbààwẹ̀ nítorí mi débi pé ó rù. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí mo wọṣẹ́ ni wọ́n fún mi ní láptọ́ọ̀pù kan, dúdú, ó wúwo díẹ̀, wọ́n lẹ nọ́ńbà yunifásítì mọ́ ìdí rẹ̀. Ọkùnrin tó ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà, tínínrín báyìí, tó ń gbé awò ojú rẹ̀ síwájú orí, ló ka òfin rẹ̀ sí mi létí: kò gbọdọ̀ kan omi, kò gbọdọ̀ kan epo, mi ò gbọdọ̀ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì kó má baà gbóná jù, mi ò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíì lò, ọjọ́ tí mo bá sì fiṣẹ́ sílẹ̀ ni màá dá a padà. Mo ń rẹ́rìn-ín nínú. Ó dà bíi pé màámi ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù màámi ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Màámi lọ fọwọ́ kó tó fọwọ́ kàn án. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní kí n ṣí i, ó tún ní kí n pa á dé. Ó bi mí bóyá tèmi ni. Mo ní rárá, ti yunifásítì ni, wọ́n kàn fi síkàáwọ́ mi ni. Ó mi orí, ó ní a jẹ́ pé màá tọ́jú rẹ̀ ju tara mi lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo sì fi láptọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ lórí tábìlì ìránṣọ rẹ̀, mo jáde lọ kí àwọn ará àdúgbò.

Nígbà tí mo padà, ilẹ̀kùn wà ní títì dé ààbọ̀. Aṣọ funfun kan bo láptọ́ọ̀pù mi lórí, màámi sì jókòó tì í, ojú rẹ̀ ń dán bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ rere. Ó ní òun ti bá mi tọ́jú rẹ̀. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́ ló lò o. Ó ní ìyẹn ò tó nǹkan lára irú ẹ̀rọ báyìí. Inú ìgò kékeré tí pásítọ̀ wọn gbàdúrà sí ló ti bu òróró ólífì, ó kán an sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń dárúkọ mi bó ti ń kán an.

Ó ní, “Ẹ̀rọ wo ni kì í gba òróró, Tíṣà mi?”

Mo ṣí i. Gbogbo bọ́tìnnì ló ń dán bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi, ọ̀rọ̀ sì ti wà lẹ́nu mi, àmọ́ mo wo ojú obìnrin yẹn, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo mú òwú, mo ń nù ún jẹ́jẹ́. Mo ní ẹ ṣé, mà. Ó ní àmín.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi àtàwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ pẹ̀lú mi máa dúró níwájú àwọn àgbà ẹ̀ka wa láti ṣàlàyé ìwádìí tí kálukú fẹ́ ṣe. Ọ̀gá wa ti sọ ọ́ kedere pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ ẹni tó máa bá wọn ṣiṣẹ́ pẹ́ àti ẹni tí wọ́n máa ní kó máa lọ. Inú láptọ́ọ̀pù yẹn ni gbogbo iṣẹ́ mi wà, kò sì síbòmíì tí mo tọ́jú rẹ̀ sí. Nígbà tí mo dé yàrá tí mo gbà ní Lotto, nítòsí ibi iṣẹ́, nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, mo tan án, àwọn bọ́tìnnì ti lẹ̀ mọ́ra. Mi ò tiẹ̀ lè tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé mi. Bí mo bá tẹ ọ̀kan, mẹ́ta á wọlé, bí mo bá tẹ òmíì, kò ní í dáhùn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Gbogbo ààwẹ̀ tí màámi gbà ló ń wá sí mi lọ́kàn, àfi bíi pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fẹ́ fi tú u ká.

Kí ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà tó dé lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ti pinnu pé màá sọ pé mi ò mọ ohun tó ṣe é. Àmọ́ bó ṣe ṣí i báyìí, ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó wò mí.

“Màmá ni àbí pásítọ̀?”

Mo ní, “Màámi ni, sà. Aránṣọ ni wọ́n.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú. Ó ní èmi kọ́ ni àkọ́kọ́, pé àwọn ìyá àgbègbè yìí ò lè rí ohun tuntun kí wọ́n má fi òróró sí i, mọ́tò ni, ilé ni, àmọ́ ẹni tó kán an sínú bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ò tíì rí i rí. Ó yọ àwọn bọ́tìnnì náà, ó fi sípíríìtì nù wọ́n, ó dá wọn padà. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá bi òun, eruku lòun máa sọ pé ó wọ̀ ọ́. Gbogbo wọn ló là, àfi bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀, èyí tí a fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ìyẹn ń lọ́ra. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́dọ̀ tún un tẹ̀.

Mo dúró níwájú àwọn àgbà yẹn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú òórùn òróró lọ́wọ́ mi. Wọ́n bi mí léèrè, mo dáhùn. Nígbà tí wọ́n fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, màámi ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ní òun ti mọ̀, pé òróró yẹn ò lè lọ lásán. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, tírélà ń kọjá, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Látọjọ́ yẹn, kò sígbà tó pè mí tí kì í béèrè pé, “Ẹ̀rọ wa ńkọ́?” Ẹ̀rọ wa ló máa ń pè é.

Nígbà tó wá kí mi ní Lotto, ó bá mi nídìí iṣẹ́. Ó dúró lẹ́yìn mi díẹ̀, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó wá na ìka, ó tẹ bọ́tìnnì gbọọrọ náà.

Ó ní, “Òróró mi ló ṣe é báyìí.”

Mo ní rárá, eruku ni. Bó ṣe padà dé Ifọ̀, kò pẹ́ tó fi fi nǹkan rán ẹnì kan sí mi. Àpò láptọ́ọ̀pù ni, àǹkárá aláwọ̀ aró tó nípọn, ó fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, ó rán etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè lágbára, ó sì ní àpò kékeré fún ṣájà. Bó ṣe gba ìwọ̀n rẹ̀ láìlo téèpù ni mi ò mọ̀ dòní. O mọ àwọn ìyá wa, wọn kì í sọ pé má bínú fún ọmọ tí wọ́n bí. Mo gba àpò náà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, mo sì mọ ohun tí wọ́n fi rán an.

Àpò yẹn ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan òjò ká wa mọ́ Ibafo, ọkọ̀ wa ti bàjẹ́, abẹ́ páànù tí a sá sí ò bo ẹnikẹ́ni. Mo gbá láptọ́ọ̀pù náà mọ́ àyà. Nígbà tí mo délé, àpò ti rin gbindin, èmi náà ti rin gbindin, àmọ́ láptọ́ọ̀pù gbẹ. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń gbé ní Magboro, pàdánù tirẹ̀ nínú òjò kan náà. Mo pe màámi, mo sọ fún un. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ òróró yẹn ti tán báyìí, àbí?” Mo ní ó ti tán, mà.

Ojú rẹ̀ ò ríran ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́ nígbà tó yá, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Lẹ́yìn tó kú, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni mo ní kí wọ́n gbé fún mi, ó sì wà nínú pálọ̀ mi ní Lotto báyìí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni yunifásítì ní kí a kó láptọ́ọ̀pù àtijọ́ wá, kí a gba tuntun. Ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ti hewú. Ó yọ láptọ́ọ̀pù kúrò nínú àpò, ó dá àpò padà fún mi, ó ní ìyẹn ò sí lára ohun tí àwọn fún mi. Kó tó gbé e sílẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì gbọọrọ náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo yára jáde, torí mi ò fẹ́ sunkún níwájú rẹ̀.

Tuntun yìí fúyẹ́, ó tínínrín, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣì ń tẹ gbọọrọ ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àpò màámi tóbi fún un, ó ń yọ̀ nínú rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Aránṣọ àdúgbò wa ní òun lè bá mi dín in kù, mo ní kó má ṣèyọnu. Mo ti máa ń rò pé èmi nìkan ni wọ́n gbà síṣẹ́ nínú ilé wa lọ́dún náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì ni wọ́n gbà, èmi àti màámi, ó sì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, mo máa ń kán òróró sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò fi rán nǹkan mọ́. Lẹ́yìn náà màá fi aṣọ gbígbẹ nu láptọ́ọ̀pù, màá sì kì í bọ inú àpò ńlá yẹn. Fóònù kì í dún. Síbẹ̀ mo ṣì máa ń dáhùn pé ẹ̀rọ wa wà dáadáa, màámi, ó ti daṣọ bora.