Bí Ìyá Olúkẹ́mi Ṣe Gba Ajá Afọ́jú Wọlé

Kò sí ẹni tó gbé Ìjù lẹ́bàá Ọ̀tà láyé ìgbà yẹn tí kò ní sọ fún ọ pé ojú òun ló ṣe nígbà tí Ìyá Olúkẹ́mi wẹ ẹsẹ̀ ajá lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, bí ẹni ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun. Irọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń pa. Àwa tí a wà níbẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Sírájúdéènì télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé Màmá, wà níbẹ̀. Adérógbà, alága ẹgbẹ́ onílé, ń kọjá lọ wo àwọn bíríkìlà rẹ̀.

Màmá ti gbé báàfù omi kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi ògbólógbòó ìró wé ajá náà, wọ́n gbé e lé itan. Ajá pupa tín-ín-rín kan ni, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan sì rọ. Wọ́n ń bu omi sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n ń kí i káàbọ̀.

"Ìyá Olúkẹ́mi, kí lẹ ń ṣe yìí?" Adérógbà ló béèrè.

"Mò ń gba ìyàwó wọlé."

"Ajá yìí?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin-mẹ́rin sínú yàrá kan, èwo lẹ bomi sí lẹ́sẹ̀ rí nínú wọn?"

"Màmá, ajá yìí ò ríran."

"Ṣé mo sọ fún yín pé mo fẹ́ kó máa ka Bíbélì fún mi ni?"

Adérógbà bú sẹ́rìn-ín. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀.

Bí a bá ń sọ ti Ìyá Olúkẹ́mi, tí orúkọ wọn gan-an ń jẹ́ Àṣàbí Ọláníyan, ìbínú la gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Inú ti máa ń bí wọn kí wọ́n tó jí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá sí Sàǹgó Ọ̀tà nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ń gba èèyàn, wọ́n sì ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ oníke. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣa abọ́ tó ní àbùkù kúrò kí wọ́n lè yọ́ ọ padà. Ṣùgbọ́n Màmá kì í ṣa nǹkan kan. Ọ̀gá wọn gbé abọ́ wíwọ́ kan dé iwájú wọn lọ́jọ́ kan.

"Àbùkù wà lára eléyìí. Ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ẹ bu omi sí i."

Ọ̀gá bu omi sí i.

"Ṣé ó ń jò?"

"Kò jò."

"Ẹ ẹ̀ rí i pé ojú yín ló ní àbùkù."

Wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá lọ́sẹ̀ yẹn. Màmá gbé abọ́ náà lọ sílé, wọ́n sì fi ń jẹun títí ọjọ́ ayé wọn.

Ajá mẹ́ta ti wà nílé wọn kí èyí afọ́jú tó dé. Bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe, orúkọ ajá ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ṣẹ̀ wọ́n. Máṣìkà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá abọ́ yẹn. Ẹnuayé jẹ́ ti àwọn aládùúgbò lápapọ̀, gbogbo wa la sì gba ìpín tiwa. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni Ṣebótimọ, abo ajá dúdú kan tó ń rìn bí ìyálé tó ní kọ́kọ́rọ́ àká lọ́wọ́. Adérógbà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi ìyẹn bá wí, nítorí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ni Màmá sọ ọ́ lórúkọ.

Ibi tí wọ́n ti rí ajá afọ́jú yìí, bí mo bá rántí, inú mi kì í dùn. Àsìkò yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù lágbègbè Ọ̀tà bí olú. Lọ́jọ́ àpéjọ ńlá, ọkọ̀ á tò lọ rẹrẹ lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Màmá ń dúró de ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ nígbà tí mọ́tò dáadáa kan yà sẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n ti ajá náà bọ́ sílẹ̀, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Sítíkà àpéjọ wà lára gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò náà. Ẹni tó ń lọ gba ìbùkún ló kọ́kọ́ dúró ju ẹ̀mí nù lójú ọ̀nà. Ajá náà dìde, ó ń yí po lójú kan, àwọn tírélà sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Màmá bọ́ bàtà, wọ́n sọ ọ́ tẹ̀ lé mọ́tò náà. Bàtà gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì bá wọn lọ sí àpéjọ. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni Màmá fi gbé ajá náà dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ní Ọ̀tà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwafúnmiláyọ̀.

Dókítà yẹ ajá wò dáadáa, ó sì mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká gún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn."

"Tó bá jí ńkọ́?"

"Kò ní jí mọ́, Màmá. Ó ń jìyà ni."

"Ṣé òun ló sọ fún yín?"

"Ojú yìí ò lè là mọ́ láé."

"Ojú tèmi náà ò dára mọ́. Abẹ́rẹ́ tèmi dà?"

Dókítà kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Ó fọ egbò ajá náà, ó fún Màmá ní oògùn tí wọ́n á máa kán sí i lójú, ó sì kìlọ̀ pé àwọn ajá tó wà nílé lè pa á bí wọ́n bá kàn jù ú sí àárín wọn.

Bí Màmá ṣe gbé báàfù sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Wọn ò ṣe é láti fi pa wá lẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹ́ onílé máa ní kí wọ́n gbé ajá náà lọ, kò sì síbòmíràn tó lè lọ bí kò ṣe ojú títì tí wọ́n ti gbé e. Nílé wọn ní Ìsẹ́yìn, ẹni tí wọ́n bá ti bomi sí lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti di ará ilé, kò sì sẹ́ni tó lè lé e mọ́.

Lóòótọ́, níbi ìpàdé lẹ́yìn ìmọ́tótó àyíká, Adérógbà dìde. Ó ní àwọn òbí tó ń wá yàrá fún ọmọ wọn ń bẹ̀rù ajá. Ó ní mẹ́ta ti pọ̀ jù nínú ilé kan, áńbọ̀sìbọ́sí ìkẹrin tí kò wúlò. "Ajá tí kò ríran, kí ló fẹ́ ṣọ́? Kí Màmá gbé e lọ."

Màmá dìde, wọ́n tún gèlè wọn wé. "Ẹ̀yin onílé, ìyàwó tí ẹ bá ti bomi sí lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ẹ máa ń lé e padà?"

Àwọn àgbà ní rárá, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa. Mo bomi sí tèmi lẹ́sẹ̀. Alága wà níbẹ̀."

"Èmi kàn ń kọjá lọ ni," Adérógbà fèsì.

"Ẹ rẹ́rìn-ín àbí ẹ ò rẹ́rìn-ín?"

"Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n..."

"Ẹni tó rẹ́rìn-ín níbi ìgbéyàwó ti bá wọn yọ̀. Ẹ jókòó, ẹlẹ́rìí mi."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Sírájúdéènì télọ̀ náà dìde. "Ẹ̀sìn mi ò jẹ́ kí n sún mọ́ itọ́ ajá," ó wí. "Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí n má bínú bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ẹ́."

Wọ́n wá fún Màmá ní oṣù kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹjọ́ ajá náà sùn kí ìpàdé mìíràn tó dé, yóò lọ. Bí kò bá sẹ́ni tó fẹjọ́ sùn, ó ti dúró nìyẹn.

Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni Ṣebótimọ. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbóòórùn ajá tuntun ló ń gbó, tí àwọn méjì tó kù á sì máa gbè é lẹ́sẹ̀. Màmá ti ìyàwó mọ́ yàrá. Wọ́n mú àkísà tó ń sùn lé, wọ́n tẹ́ ẹ fún Ṣebótimọ, wọ́n sì tẹ́ ti Ṣebótimọ fún un, kí wọ́n lè mọ òórùn ara wọn. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, ìyálé á kọ́kọ́ jẹ, ìyàwó á jẹ kẹ́yìn. Láàárọ̀, àwa tí a ń lọ síbi iṣẹ́ á máa gbọ́ ohùn Màmá.

"Ṣebótimọ, ilé tí o wà yìí, ìwọ lo kọ́ ọ? Ìgbà tí wọ́n gbé ìwọ náà dé, ṣé kì í ṣe inú páálí ọṣẹ lo wà? Ta ló gbó mọ́ ọ?"

Adérógbà gbọ́ ọ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ó sì dá a lójú pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí gbígbó náà rọlẹ̀, Màmá so ṣaworo kékeré mọ́ Ṣebótimọ lọ́rùn, kí afọ́jú lè máa gbọ́ ibi tó ń gbà, kó sì máa tẹ̀ lé e. Ṣebótimọ ka èyí sí ìwọ̀sí. Ó dùbúlẹ̀, kò mira. Màmá ní bó bá jẹ́ ìtìjú ló ń ṣe é, àwọn náà á so ó. Wọ́n so ṣaworo mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tiwọn, wọ́n fi lọ sọ́jà, wọ́n fi lọ sílé ìjọsìn, ẹnikẹ́ni tó bá sì wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì gbọ́ èébú tirẹ̀. A máa ń gbọ́ Màmá ká tó rí wọn. Bóyá àánú wọn ló ṣe Ṣebótimọ, bóyá ó kàn sú u ni, ó dìde. Ìyàwó dìde tẹ̀ lé e, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, imú rẹ̀ kan ìrù ìyálé rẹ̀, wọ́n jọ yí àgbàlá po. Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n sunkún, wọ́n sì ní kí Sírájúdéènì tó ń wò wọ́n dojú kọ aṣọ tó ń rán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dàrú ni ti ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn dojú kọ ilé Màmá tààrà. Bí wọ́n bá ti tan án, afọ́jú kò ní gbọ́ ṣaworo mọ́, á sì forí sọ ògiri. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, orí rẹ̀ bẹ́jẹ̀. Màmá wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà nígbà tí Pásítọ̀ Gbọ́ládé ń gbàdúrà ìwòsàn lọ́wọ́, wọ́n sì lọ dúró síwájú pẹpẹ. Pásítọ̀ rò pé wọ́n wá gba àdúrà ni, ó na ọwọ́ sí wọn.

"Pásítọ̀, ẹ gbọ́wọ́ yín sílẹ̀. Ẹ ń gbàdúrà kí afọ́jú ríran. Èyí tó wà nílé mi, ẹ ò jẹ́ kó gbọ́ràn."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti yí ẹ̀rọ náà síbi tó dojú kọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Adérógbà.

Nígbà tí ìpàdé dé, akọ̀wé béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ẹjọ́ nípa ajá. Màmá nìkan ló nawọ́ sókè. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ alága ń pariwo, kò jẹ́ kí ajá àwọn sùn. Adérógbà mí kanlẹ̀, ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ajá náà ti dúró.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ní àsìkò ọyẹ́, Màmá kú. Ṣebótimọ ti ṣáájú wọn lọ. Olúkẹ́mi wá láti Ìbàdàn, ó kó àwọn ajá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù lọ, ṣùgbọ́n òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé. Ìyàwó ṣubú lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ léraléra, kò sì jẹun. Olúkẹ́mi gbé e padà wá pẹ̀lú omijé. Ó fi àwọn yàrá ilé Màmá rẹ́ǹtì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì bẹ̀ wá pé ká bá òun fojú sí ajá náà, nítorí ilé yìí nìkan ló mọ̀ láyé.

Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kó wọlé, ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù, ó rí ajá tó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ni ajá afọ́jú yìí? Ẹ bá mi gbé e kúrò níbí. Ẹ lè gbé e sí títì."

Sírájúdéènì ti ń dìde kúrò nídìí máṣíìnì, ṣùgbọ́n Adérógbà ti ń bọ̀ láti òdìkejì, ó ń fi fìlà gbá itan.

"Ẹ̀yin lẹ máa kúrò. Ṣé ojú títì lẹ máa ń gbé ará ilé yín sí? Ajá yìí ti wà nílé yìí kí ọmọ yín tó mọ ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Bó bá dùbúlẹ̀, ẹ yà fún un. Bẹ́ẹ bá sì fẹ́ kọjá, ẹ kí i, ó gbọ́ràn jù yín lọ."

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ náà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wọlé, ó ń rọra rìn, a sì gbọ́ tó ní "ẹ káàsán" fún ajá. A rẹ́rìn-ín títí. Sírájúdéènì ló kọ́kọ́ dákẹ́.

"Alága," ó wí, "Ìyá Olúkẹ́mi gan-an lẹ jọ yẹn."

Adérógbà fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá náà, òun tó máa ń sá fún eruku.

"Gbogbo ọdún yẹn ni obìnrin yìí fi bá mi jà," ó wí. "Ta ni yóò máa bá mi jà báyìí?"

Ajá náà gbóòórùn rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó gbé orí lé bàtà rẹ̀, a sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀.