Bàbá Tó Ń Gbọ́ Ohùn Pákó

Bàbá káfíńtà tá a jọ ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó kì í gun àtẹ̀gùn ilé wa láì fi ìka lu pákó rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ́tí. Ọkọ̀ rélùwéè onípákó ni wọ́n ń tún ṣe nígbà èwe wọn, kí onírin tó gba ipò rẹ̀.

"Pákó máa ń ké kó tó dá," ni wọ́n máa ń wí. "Irin kì í kìlọ̀."

"Bàbá, kí ni pákó wí lónìí?" ni mo máa ń bi wọ́n.

"Ó ní kó o dín ẹ̀bà kù!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n lu pákó náà, wọn ò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo yín, ẹ jáde!"

Bàbá ló jáde kẹ́yìn. Ilé náà sì wó.

Bàbá ti ṣaláìsí. Ilé onísìmẹ́ǹtì ni mò ń gbé báyìí. Láràárọ̀ ni mo máa ń lu ògiri rẹ̀, kò fèsì rí.